Kí Ẹ Tó Fi Ìwé Ránṣẹ́ sí Kíláàsì: Ìlànà Ẹ̀tọ́ Àdàkọ fún Olùkọ́ Yunifásítì

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ tó parí àlàyé ohun tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ dá lé lórí, aṣojú kíláàsì á ti na ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi PDF ìwé náà sórí Telegram." Kò sí ẹ̀tàn nínú ìbéèrè yìí. Ìwé náà wọ́n, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà ní ilé-ìkàwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì tó 300. Olùkọ́ tó láàánú á ṣe síkáànù ìwé náà láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn, á sì fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò ni pé nígbà tí a tẹ bọ́tìnì yẹn, a ti ṣe 300 ẹ̀dà ìwé oníwé, a sì ti gbé e fún àwọn tí a kò ní lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn mọ́ láé.

Olùkọ́ tó fẹ́ ran akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láìtẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lójú ni mo kọ ìlànà yìí fún. Orí òfin Nàìjíríà ni mo gbé e kà. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní London tàbí ní Atlanta ní láti wo òfin ibi tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yóò wúlò fún òun náà. Èrò mi ni pé síláìdì tó ní àyọlò ìlà mẹ́wàá kọ́ ló sábà máa ń kó olùkọ́ sí wàhálà, bí kò ṣe odindi ìwé tó gbé sí ibi tí kò ní ilẹ̀kùn. Nítorí náà, kò tó kí ẹ bi ara yín pé ṣé ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ fi ohun náà kọ́. Ẹ tún bi ara yín pé báwo ni ohun tí ẹ mú ti pọ̀ tó, ta ni ẹ fún, ìgbà wo ni yóò sì kúrò níbẹ̀.

Ohun tí òfin dáàbò bò àti ohun tí kò dáàbò bò

Ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ni ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan ní láti sọ ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ tí a ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023. Òun ló rọ́pò òfin tí a ti ń lò láti ọdún 1988, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ WhatsApp. Àjọ tó ń bójú tó o ni Nigerian Copyright Commission, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ jẹ́ NCC. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kọ lẹ́tà yín sí NCC kejì, èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fóònù àti síìmù. Ìkékúrú orúkọ àwọn méjèèjì ló bá ara mu, iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀ rárá.

Oríṣi iṣẹ́ mẹ́fà ni òfin náà dáàbò bò: iṣẹ́ àkọsílẹ̀, orin, iṣẹ́ ọnà, fíìmù àti irú rẹ̀, ohùn tí a gbà sílẹ̀, àti ètò orí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n. Òǹkọ̀wé kò ní láti forúkọ sílẹ̀ níbikíbi kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní kété tó bá ti fi làákàyè ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, tó sì ti kọ ọ́ tàbí gbà á sílẹ̀ síbi tí ènìyàn ti lè rí i, ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀, yálà àmì © wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Àwòrán tí ẹ rí lórí Google kò di ti gbogbo ayé nítorí pé kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí òfin kò dáàbò bò gan-an ló yẹ kí olùkọ́ mọ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni òmìnira rẹ̀ wà. Òfin kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ lórí èrò, ìlànà, ọgbọ́n ìṣiṣẹ́, àwárí tàbí dátà lásán, bẹ́ẹ̀ ni kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ inú òfin ìjọba. Ẹni tó kọ ìwé lórí àǹkóò fáwẹ́lì, ìyẹn bí àwọn fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bá ara wọn mu, kò ni àǹkóò fáwẹ́lì. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣàlàyé rẹ̀ ló ni. Bí ẹ bá ka ìwé márùn-ún lórí kókó kan, tí ẹ sì jókòó kọ àlàyé tiyín fún kíláàsì pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí ẹ fúnra yín ṣe, ẹ kò ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí gba àkókò ju fọ́tókọ́pì lọ. Síbẹ̀, kò sí ohun èlò ẹ̀kọ́ mìíràn tí ọkàn olùkọ́ lè balẹ̀ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ kí a mú kúrò lọ́nà báyìí, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà olùkọ́ pàápàá: pé bí ènìyàn bá ti dárúkọ òǹkọ̀wé, kò sí ìṣòro mọ́. Dídárúkọ òǹkọ̀wé ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ pè ní tirẹ̀. Kì í ṣe àṣẹ láti ṣe ẹ̀dà. Ẹni tó ṣe síkáànù odindi ìwé, tó sì kọ orúkọ òǹkọ̀wé gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ṣì ṣe ẹ̀dà odindi ìwé náà láìgba àṣẹ.

Ṣé ẹ̀tọ́ ṣì wà lórí iṣẹ́ náà?

Kí ẹ tó dààmú ara yín, ẹ wo ọjọ́ orí iṣẹ́ náà. Fún iṣẹ́ àkọsílẹ̀, orin àti iṣẹ́ ọnà, ẹ̀tọ́ wà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó ṣe é, ó sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Fún fọ́tò, fíìmù àti ohùn tí a gbà sílẹ̀, 50 ọdún ni.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kú ní ọdún 1891. Ó ti pẹ́ tí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti di ti gbogbo ènìyàn, ẹ sì lè ṣe síkáànù àtẹ̀jáde àtijọ́ rẹ̀, kí ẹ fún ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tilẹ̀ tún un tẹ̀. D. O. Fágúnwà ṣaláìsí ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, nítorí náà ẹ̀tọ́ lórí àwọn ìwé rẹ̀ yóò wà títí di ìparí ọdún 2033, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí àwa àgbà ti kà wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí kú ní ọdún 2017. Tirẹ̀ di ìparí ọdún 2087. Pé ìwé kan ti gbó lọ́wọ́ wa, tàbí pé a kò rí i rà ní ọjà mọ́, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ ti kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí i pé ìwé kan ṣoṣo lè ní ẹ̀tọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú. Ìtumọ̀ sí èdè mìíràn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun ní tirẹ̀, àwòrán inú ìwé sì ní tirẹ̀. Ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà kò ní di ti gbogbo ènìyàn ní ọdún 2034 nítorí pé èyí tí Fágúnwà kọ ti dà bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹni tó ni ín ti fún yín láṣẹ tẹ́lẹ̀?

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ni wọ́n ti fi àṣẹ lẹ̀ mọ́, tí olùkọ́ kò kàn kíyè sí. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni láísẹ́ńsì Creative Commons (CC), ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001. Lẹ́tà méjì-méjì ni wọ́n fi ń kọ àdéhùn náà, ó sì yẹ kí olùkọ́ lè kà wọ́n bó ṣe ń ka máàkì. BY ni pé kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. NC ni pé kí ẹ má fi pa owó. SA ni pé bí ẹ bá tún un ṣe, kí ẹ fi irú láísẹ́ńsì kan náà sórí èyí tí ẹ ṣe. ND ni pé ẹ lè pín in bó ṣe wà, ẹ kò gbọ́dọ̀ pín èyí tí ẹ ti yí padà.

ND yìí ló yẹ kí àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ́ni máa ṣọ́ jù, nítorí ìtúmọ̀ èdè jẹ́ ìyípadà. Bí ẹ bá rí àpilẹ̀kọ kan tó dára lórí ìmọ̀ ìlera, tí BY-ND wà lórí rẹ̀, tí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún kíláàsì, tí ẹ sì gbé ìtumọ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti kọjá àṣẹ tí wọ́n fún yín, bí èrò yín tilẹ̀ dára. NC náà ní ibi tó ti ń mú ènìyàn: handout tí ẹ ń tà, kódà ní iye díẹ̀, kò yẹ kó ní ohun tí NC wà lórí rẹ̀ nínú. Ti Wikipedia rọrùn, ti èdè Yorùbá náà wà níbẹ̀. BY-SA ló wà lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá àwòrán, Wikimedia Commons ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, nítorí wọ́n kọ àṣẹ tó wà lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀nà hàn wọ́n, ẹ má gbé ìwé fún wọn

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú èyí. Bí iṣẹ́ kan bá wà ní ìkànnì ẹni tó ni ín, tàbí ní ibi tí ẹni tó ni ín gbà á láyè láti wà, línkì ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tó fi línkì ránṣẹ́ kò ṣe ẹ̀dà ohunkóhun. Ó kàn ń júwe ilé ni. Fídíò YouTube tí olùṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀, ẹ fi línkì rẹ̀ sí síláìdì yín tàbí kí ẹ lo ọ̀nà tí YouTube fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ láti gbé e hàn lójú ìwé ẹ̀kọ́. Ẹ má gbà á sórí fóònù kí ẹ tún un gbé sórí ìkànnì tiyín. Àpilẹ̀kọ jọ́nà tó wà ní African Journals Online, línkì rẹ̀ tó. Èyí tí yunifásítì yín sanwó fún, ẹ bẹ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kó fún yín ní línkì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi páásíwọ́ọ̀dù tiwọn ṣí.

Línkì tún ní àǹfààní mìíràn: bí òǹkọ̀wé bá ṣàtúnṣe iṣẹ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yín á rí àtúnṣe náà, nígbà tí PDF tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn yóò ṣì máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ ní ohun tí òǹkọ̀wé ti kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí línkì náà ń lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìkànnì kan ń kó ìwé oníwé jọ láìgba àṣẹ, kí ẹ má darí akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀. Bákan náà, ẹ má tú títì tí àwọn atẹ̀wé fi sára ìwé orí ẹ̀rọ. Òfin 2022 ka fífọ́ irú títì bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ gedegbe.

Ìlò tó tọ́

Ìgbà mìíràn, ẹ̀tọ́ ṣì wà lórí iṣẹ́, kò sí láísẹ́ńsì, kò sí línkì, ẹ sì nílò rẹ̀ ní kíláàsì ọ̀la. Ibi yìí ni ohun tí òfin Nàìjíríà pè ní fair dealing ti wúlò. Ìlò tó tọ́ ni èmi yóò máa pè é. Òfin àtijọ́ ka ohun díẹ̀ tí ìlò tó tọ́ wà fún, ó sì ti ilẹ̀kùn. Òfin 2022 dárúkọ ìlò fún ara ẹni, ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò àti ẹ̀kọ́ àdákà, àríwísí àti àtúnyẹ̀wò, ìròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àti ìṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àpẹẹrẹ ló kà wọ́n, ilẹ̀kùn náà kò tì pátápátá mọ́. Ó wá gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀ tí adájọ́ yóò fi wọn ọ̀rọ̀, àwọn ìbéèrè tó jọ ti fair use nínú òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1976 gan-an. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlò tó tọ́ rí, kò sí ìdáhùn kan tó bá gbogbo ọ̀ràn mu.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe. Olùkọ́ tó gbé ewì kan sórí síláìdì, tó sì ń tú u wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, ti fi ohun tirẹ̀ kún un. Ẹni tó kó ewì 25 jọ láìsí àlàyé kankan, tó pè é ní "ìwé kíkà fún kọ́ọ̀sì", kò ṣe ju àtúntẹ̀ lọ. Ìkejì ni irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ó rọrùn láti ṣàlàyé ìlò tí ẹ bá lo ìwé ìmọ̀ tó kún fún òótọ́ ọ̀rọ̀ ju ìlò eré-oníṣe tàbí lẹ́tà tí ẹni tó kọ ọ́ kò tíì tẹ̀ jáde lọ.

Ìkẹta, èyí tí gbogbo ènìyàn ń béèrè, ni iye tí ẹ mú. Wọ́n á ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin gbà. Kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú òfin wa. Ìtàn kan wà ní Amẹ́ríkà tó yẹ kí ẹni tó gbára lé nọ́ńbà náà gbọ́. Ní ọdún 2008, Cambridge University Press, Oxford University Press àti SAGE pe àwọn aláṣẹ Georgia State University lẹ́jọ́ nítorí àwọn àyọkúrò ìwé tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń gbé sí ìkànnì ilé-ìkàwé fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2012, adájọ́ lo ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí orí kan nínú ìwé tó ní orí púpọ̀, bí òṣùwọ̀n, ó sì dá yunifásítì láre lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwé náà. Ní ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òṣùwọ̀n nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà, pé ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ará wa tó ń kọ́ni ní ìlú Ọba ní nọ́ńbà kan nínú òfin tiwọn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ kan láàárín oṣù 12, kò sì wúlò fún wọn níbi tí láísẹ́ńsì bá ti wà láti gbà. Kò yẹ kí a yá nọ́ńbà ibẹ̀ wá síhìn-ín. Ojú ewé méjì lè jẹ́ ọkàn ìwé olójú ewé 200: àtẹ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi ọdún mẹ́wàá kó jọ, tàbí ojú ewé tí àdìtú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti tú.

Ìkẹrin ni ìpalára tí ìlò yín lè ṣe fún ọjà iṣẹ́ náà, ó sì wúwo. Ẹ bi ara yín pé, lẹ́yìn ohun tí mo fún wọn yìí, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì ṣì ní ìdí láti ra ìwé náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ dúró. Ìwé ìdánrawò tí wọ́n kọ nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ló léwu jù níbí, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ yín gan-an ni oníbàárà tí òǹkọ̀wé ń retí. Ẹ rántí pé òǹkọ̀wé ìwé Yorùbá kì í sábà ní oníbàárà mìíràn.

Yàtọ̀ sí ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí, láti inú òfin 1988 ni a ti ní àyè kan fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí láti lo iṣẹ́ fún ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ̀dà tí wọ́n bá ṣe gbọ́dọ̀ di píparẹ́ kí oṣù 12 tó pé. Òfin yẹn náà ló sọ pé àkójọ tí a ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ lè ní àyọkúrò tí kò ju méjì lọ láti inú iṣẹ́ kan, bí a bá dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni tó ṣe é. Ìwọ̀n yìí ni èmi ń dámọ̀ràn fún kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì: àyọkúrò kan tàbí méjì, orúkọ òǹkọ̀wé àti ìwé lókè rẹ̀, ní ibi tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì nìkan lè ṣí, kí ó sì kúrò níbẹ̀ nígbà tí sáà bá parí. Àwọn ìkànnì ìkọ́ni bíi Moodle àti Google Classroom lè ṣe èyí. Gúrúùpù Telegram tí línkì rẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò lè ṣe é.

Handout àti ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì

Ohun tó máa ń ba gbogbo àwíjàre jẹ́ ni owó. Olùkọ́ tó kó orí mẹ́rin jọ láti inú ìwé mẹ́rin, tó fi àkọlé kọ́ọ̀sì rẹ̀ lé e, tó sì ń tà á fún akẹ́kọ̀ọ́, kò lè dúró níwájú adájọ́ kó ní ẹ̀kọ́ nìkan ni òun ń ṣe. Kí ẹ má sì rò pé ẹ ti bọ́ nítorí pé ọlọ́jà fọ́tókọ́pì ní ẹnubodè ló ń gba owó náà. Ẹ̀yin lẹ fún un ní ìwé tí ó ń dà kọ.

Wọ́n máa ń mẹ́nu ba ẹjọ́ yunifásítì Delhi ní Íńdíà níbi báyìí. Ní ọdún 2012, àwọn atẹ̀wé ńláńlá mẹ́ta pe ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì kan tó wà nínú ọgbà yunifásítì náà lẹ́jọ́ nítorí àkójọ ìwé kíkà tó ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ilé-ẹjọ́ gíga sì da ẹjọ́ náà nù ní ọdún 2016. Ìdùnnú ńlá ni fún akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Íńdíà ní gbólóhùn tó gba olùkọ́ láyè láti ṣe ẹ̀dà lásìkò ìkọ́ni, orí gbólóhùn yẹn sì ni ìdájọ́ náà dúró lé. Kò de adájọ́ kankan ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta.

Ọ̀nà tó mọ́ wà. Ní Nàìjíríà, REPRONIG ni ẹgbẹ́ tó ń ṣojú àwọn òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé lórí ọ̀rọ̀ fọ́tókọ́pì, ó sì lè fún yunifásítì ní láísẹ́ńsì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìkàwé yín bóyá yunifásítì yín ní in, àti ohun tó gbà yín láyè láti ṣe.

Ohùn ìjálá tí ẹ gbà sílẹ̀

Àwa tí a wà ní ẹ̀ka èdè àti àṣà ní ìṣòro kan tí àwọn oníṣirò kò ní. A ń lọ sí ìgbèríko, a ń gba ohùn oníjàálá, apẹ̀sà àti babaláwo sílẹ̀, a sì ń gbé e wá sí kíláàsì. Ìjálá gẹ́gẹ́ bí àṣà kì í ṣe ti ẹnì kan. Òfin kà á sí ìṣẹ̀ǹbáyé àwùjọ, ó sì fàyè gba lílò ó fún ẹ̀kọ́, bí a bá ti sọ àwùjọ tàbí ìlú tó ti wá. Ṣùgbọ́n baba tó sun ìjálá náà ní ẹ̀tọ́ òṣèré lórí bí òun ṣe sun ún lọ́jọ́ náà, ẹni tó gbà á sílẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ lórí ohùn tó gbà. Nítorí náà, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ ṣàlàyé fún baba ní èdè tó yé e pé kíláàsì nìkan ni ẹ fẹ́ fi kọ́, tàbí pé ẹ fẹ́ gbé e sórí YouTube tí gbogbo ayé á máa wò ó. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, èyí sàn ju ìtẹ̀ka sórí ìwé tí kò lè kà lọ.

Bí a ṣe ń tọrọ àṣẹ

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í kọ lẹ́tà nítorí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Lẹ́tà tí kì í rí ìdáhùn sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò sọ ohun tó fẹ́ ní pàtó. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Olùkọ́ ni mí ní Ẹ̀ka Èdè Yorùbá ní yunifásítì báyìí. Mo ń tọrọ àṣẹ láti gbé ojú ewé 45 sí 72 nínú ìwé yín tí ẹ tẹ̀ ní ọdún báyìí sórí ìkànnì ẹ̀kọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ 120 ló forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà, àwọn nìkan ni yóò sì lè ṣí i pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù. Yóò wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kejì, lẹ́yìn náà ni a ó yọ ọ́ kúrò. A kò ní gba owó kankan lórí rẹ̀. A ó kọ orúkọ òǹkọ̀wé àti tiyín sí òkè ojú ewé àkọ́kọ́, a ó sì sọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè ra odindi ìwé náà."

Ẹ fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní oṣù méjì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìkọ́ni. Bí òǹkọ̀wé bá wà láyé tí ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ó lè ti gbé ẹ̀tọ́ náà fún atẹ̀wé rẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, dídákẹ́ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, tàbí tí kò lè ka ìwé títẹ̀ nítorí àìlera mìíràn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, òfin 2022 sì ní àyè pàtàkì tó gbà wá láyè láti sọ ìwé di èyí tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè lò, bíi ìwé afọ́jú tàbí ohùn, láìdúró de àṣẹ. Ẹ ṣe é fún un, kí ẹ sì fún òun nìkan.

Iṣẹ́ tiyín, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

Síláìdì yín àti ìkọ́ni tí ẹ gbà sílẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Bóyá ẹ̀yin lẹ ni ín tàbí yunifásítì, ẹ ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín àti ìlànà yunifásítì kí ẹ tó gbé e fún ilé-iṣẹ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn olùkọ́ mìíràn lò ó, ẹ kọ CC BY sí abẹ́ síláìdì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ yọ àwòrán oníwòrán kúrò nínú rẹ̀, nítorí ẹ kò lè fún ènìyàn ní àṣẹ lórí ohun tí kì í ṣe tiyín.

Àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, tirẹ̀ ni. Pé ẹ fún un ní máàkì kò sọ ọ́ di tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ fi àròkọ tó dára han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde, kí ẹ̀rù máàkì má baà mú un gbà.

Bí ìwé ìkìlọ̀ bá dé

Òfin 2022 gba ẹni tó ni iṣẹ́ láyè láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì tí ẹ gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí, kó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ilé-iṣẹ́ náà á sọ fún yín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn bí ẹ bá gbà pé ìlò yín tọ́. Ẹ má fi ìbínú dáhùn, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ti ojú ewé náà pa kí akẹ́kọ̀ọ́ má lè ṣí i. Ẹ wá kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ojú ewé mélòó ni ẹ mú nínú mélòó, àwọn wo ló lè ṣí i, ọjọ́ tí ẹ gbé e síbẹ̀, àti ohun tí ẹ fi ṣe ní kíláàsì. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò yunifásítì kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Olùkọ́ tó bá ti ń kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé àjákọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kò ní ju wákàtí kan lọ nídìí ìdáhùn rẹ̀. Ní ti ẹni tó jẹ́ pé odindi ìwé ló fi sórí Telegram, kí ó pa fáìlì náà rẹ́ kúrò nínú gúrúùpù, kí ó sọ fún aṣojú kíláàsì pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pa tiwọn rẹ́, kí ó sì kọ̀wé sí atẹ̀wé láti béèrè iye tí ẹ̀dà mẹ́wàá yóò jẹ́ fún ilé-ìkàwé.